Kí Onílé Dúró ní Ìta
Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí: Deuteronomi 24:10–11

Òfin kan wà ní ibi tí a dárúkọ yìí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kà kọjá láìbìkítà. Ẹni tí a jẹ ní gbèsè kò gbọdọ̀ wọ ilé ajigbèsè lọ mú ohun ìdógò. Ìta ni yóò dúró sí, títí ajigbèsè fúnra rẹ̀ yóò fi mú un jáde. A kò pa gbèsè náà rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà tálákà ní ọ̀wọ̀ níwájú Ọlọ́run.

Ní Ìbíadé wa yìí, àwọn olùkọ́ tí a gbé wá láti ìlú mìíràn ń gba yàrá lọ́wọ́ wa. Àwọn ọmọ wa pẹ̀lú kọ́lé sí Èkó àti Ìjẹ̀bú-Òde, àti sí Àgọ́-Ìwòyè, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń wá yàrá láti 1982 tí a ti dá yunifásítì sílẹ̀ níbẹ̀. Njẹ́ onígbàgbọ́ ha lè ká páànù orí ilé nítorí owó oṣù méjì? Ó ha lè fi àgádágodo ti ìlẹ̀kùn mọ́ ẹrù ẹlẹ́rù? Òfin tí ìjọba Èkó ṣe ní 2011 ka fífi agbára lé ayálégbé sí ẹ̀ṣẹ̀ tí a ń jẹ ìyà rẹ̀. Ìwé oṣù mẹ́fà ni ó là sílẹ̀ fún ẹni tí ń san owó ọdọọdún, bí kò bá sí àdéhùn mìíràn. Lẹ́yìn rẹ̀ ìwé ọjọ́ méje, lẹ́yìn náà kótù. Ó pẹ́, a gbà. Ṣùgbọ́n dídúró ní ìta náà nìyẹn.

Síbẹ̀, ìjà tí a ń bá parí jùlọ kì í ṣe ti onílé àti àlejò, ti ọmọ bàbá kan náà ni. Bàbá kú, ó fi ilé sílẹ̀. Àkọ́bí ń gba owó, kò ṣírò rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni; bí òrùlé bá ń jò, a di ilé ẹbí. Àbúrò rẹ̀ ti Èkó dé, ó tún béèrè owó kan náà lọ́wọ́ ayálégbé tí ó ti san. Àwa wí pé kí ẹbí péjọ, kí wọ́n yan ẹnìkan, kí ó máa fún ayálégbé ní ìwé ẹ̀rí, kí ó sì ní ìwé ìṣirò tí gbogbo wọn lè yẹ̀ wò. Kí a yọ owó àtúnṣe sílẹ̀ kí a tó pín. Òrùlé kì í jókòó ní ìpàdé ẹbí, ṣùgbọ́n ìpín tirẹ̀ ni ó yẹ kí ó ṣíwájú. Deuteronomi 22:8 fi ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó bá ti orí òrùlé ṣubú sí ọrùn onílé tí kò mọ ìgbátí yí i ká. Kí ni a ó wí nípa ògiri tí ó ti là, tí a sì ń gba owó lórí rẹ̀?

Ìwọ ayálégbé, má rò pé a gbàgbé rẹ. Opó mìíràn wà tí yàrá méjì tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ ni oko rẹ̀. Bí o bá ra aṣọ ẹgbẹ́ tí o sì ń sá fún un ní ẹ̀yìnkùlé, oúnjẹ rẹ̀ ni o wọ̀ sọ́rùn wá sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì pàápàá jẹ́ ayálégbé. Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 28:30 sọ pé ọdún méjì gbáko ni ó fi gbé ilé tí ó háyà ní Róòmù. Lúùkù mímọ́ kò dárúkọ onílé náà fún wa. Ohun tí ó kọ ni pé àwọn ènìyàn ń wọlé tọ Pọ́ọ̀lù wá, ó ń wàásù fún wọn, kò sì sí ẹni tí ó dá a lẹ́kun.