Ìwẹ̀yìn Àgbà: Èrò lórí Ìtàn Tí Ẹlẹ́wọ̀n Ń Sọ Nípa Ara Rẹ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọmọdé tí ó ṣubú ń wá ẹni tí yóò gbé e dìde. Àgbà ń wá ohun tí ó gbé òun ṣubú. Òwe yìí ni ó yẹ kí a fi wọn ìtàn tí àwọn tí ó ti ṣẹ̀wọ̀n rí ń sọ nípa ìgbésí ayé wọn. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní ayé, bóyá ni a sì fi lè rí ọ̀kan nínú wọn tí kò sọ pé ẹni tí ó ni ín ti yí padà. Kí wá ni a ó fi mọ̀ pé ẹni tí ó ṣẹ̀ ti dàgbà ní tòótọ́?

Ìtàn ẹ̀wọ̀n tí ó mọ́ òǹkàwé Yorùbá lára jù ni ti ẹni tí ọ̀rọ̀ òṣèlú gbé dé ibẹ̀. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà ní ẹ̀wọ̀n láti 1963 títí di 1966. Wọlé Ṣóyínká wà ní àtìmọ́lé láti 1967 di 1969, ó sì kọ ìwé The Man Died nípa rẹ̀, èyí tí ó jáde ní 1972. Nínú irú ìtàn yìí, ohun tí ìjọba ṣe sí ènìyàn ni a ń gbọ́. Ìtàn ẹni tí ó jẹ̀bi ṣòro jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé òun kan náà ni olùpẹ̀jọ́, òun ni a pè lẹ́jọ́, òun sì tún ni ẹlẹ́rìí.

Ní oṣù kejì ọdún 1946, ilé-ẹjọ́ kan ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà rán ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ogún ọdún kan lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́jọ sí mẹ́wàá, nítorí pé ó ń fọ́ ilé onílé. Malcolm Little ni orúkọ rẹ̀ nígbà náà. Malcolm X ni gbogbo ayé padà mọ̀ ọ́n sí. Nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n Norfolk, ó bẹ̀rẹ̀ sí í da ìwé atúmọ̀-èdè kọ láti ojú-ìwé kìíní. Bí wọ́n bá pa iná ní alẹ́, ìmọ́lẹ̀ tí ó ń ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọlé ni ó fi ń kàwé. Ìwé kíkà yìí ni àwọn ènìyàn máa ń tọ́ka sí bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìdàgbàsókè rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ tí Alex Haley bá a kọ, tí ó jáde ní 1965, ó mẹ́nu ba ohun kan tí ó nira fún un ju ìwé lọ: láti kúnlẹ̀ gbàdúrà, kí ó sì gbà pé òun ti ṣẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ ohun tí ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀ jẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá yóò mọ ìdí rẹ̀. Orúnkún kì í wúwo fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá ti rẹlẹ̀.

Síbẹ̀, ìjẹ́wọ́ ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Nínú ìwé tí onímọ̀ ìtàn nì, Manning Marable, kọ nípa Malcolm, tí a tẹ̀ jáde ní 2011, ó sọ pé Malcolm bu kún ìwà ọ̀daràn ìgbà èwe rẹ̀ kí ìyípadà rẹ̀ lè ya ènìyàn lẹ́nu. Bí ẹ̀sùn yìí tilẹ̀ ní àríyànjiyàn nínú, ewu tí ó tọ́ka sí kò ṣeé fojú fò. Ẹni tí ó bu kún ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kí ògo rẹ̀ lè tàn àti ẹni tí ó bu tirẹ̀ kù kí ìjìyà rẹ̀ lè fúyẹ́, òṣùwọ̀n èké ni àwọn méjèèjì mú lọ́wọ́. Ìjẹ́wọ́ tòótọ́ kì í lé, kì í sì í dín.

Ìtàn Shaka Senghor, ọmọ ìlú Detroit, tún mú ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ sí i. Ní 1990, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, wọ́n yìnbọn fún un. Ọgbẹ́ ara jinná, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó tọ́jú ìbẹ̀rù tí ó kù sí i lọ́kàn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìbọn kiri. Ní 1991, òun náà yìnbọn pa ọkùnrin kan. Ọdún mọ́kàndínlógún ni ó lò ní ẹ̀wọ̀n, ó sì lo méje nínú rẹ̀ ní àhámọ́ àdágbé, kí ó tó jáde ní 2010. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn òbí òun àti ètò ìlú ni òun ń dá lẹ́bi. Ohun tí ó ṣí i lójú ni lẹ́tà tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kọ sí i, pé òun ti gbọ́ pé ìpànìyàn ni ó gbé bàbá òun dé ẹ̀wọ̀n. Ọjọ́ náà ni ó rí ara rẹ̀ bí ọmọ rẹ̀ yóò ti máa rí i.

A lè béèrè pé, ṣé irọ́ ni ó ń pa nígbà tí ó ń dá ìlú lẹ́bi? Rárá. Bí wọ́n bá ti tọ́jú ọkàn ọmọ tí ìbọn bà, bóyá ọkùnrin kejì ì bá má kú. Ṣùgbọ́n ìdí yàtọ̀ sí àwáwí. Ìdí ń sọ bí ọ̀nà ti rí. Àwáwí ń sọ pé kò sí ẹni tí ó rìn ín. Àgbà tí ó wẹ̀yìn lè rí òkúta tí ó kọ òun lẹ́sẹ̀, kí ó sì tún gbà pé ẹsẹ̀ òun ni ó gbé òun dé ibẹ̀.

Ó ku ẹni kan tí ìtàn ẹ̀wọ̀n sábà máa ń gbàgbé. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó ṣu sílẹ̀ ni ó ń gbàgbé, ẹni tí ó kó o kì í gbàgbé. Bí ìtàn bá kún fún ìwé tí ẹlẹ́wọ̀n kà, fún àdúrà tí ó gbà àti ìyìn tí ó gbà lẹ́yìn tí ó jáde, tí a kò sì gbúròó ẹni tí ó pa tàbí ẹni tí ó jà lólè mọ́, òkú ti di àkàbà nìyẹn, ẹni tí ó pa á ni ó sì ń gùn ún lọ sí ibi ọlá. Ìdáríjì jẹ́ ẹ̀bùn. Ẹni tí a ṣẹ̀ kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè rẹ̀. Ẹni tí ó ṣẹ̀ ni ó jẹ gbèsè, yóò sì máa san án nínú ìwà rẹ̀ lójoojúmọ́, ì báà dárí jì í, ì báà má dárí jì í.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Nàìjíríà gbọ̀ngbọ̀n. Ní 2019, òfin tuntun yí orúkọ àjọ ọgbà ẹ̀wọ̀n padà sí ti àtúnṣe ìwà, ó sì fi àyè sílẹ̀ kí ẹni tí ó ṣẹ̀ àti ẹni tí a ṣẹ̀ lè jókòó sọ̀rọ̀ níwájú onílàjà. Yorùbá ti mọ̀ tipẹ́ pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Nítorí náà, irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ kò lè ṣàjèjì sí wọn. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a ṣọ́ra: púpọ̀ jù nínú àwọn tí ó wà nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n ilẹ̀ yìí ni ilé-ẹjọ́ kò tí ì dá lẹ́bi, ìdájọ́ ni wọ́n ń retí. Ìwà ìkà ni láti máa béèrè ìrònúpìwàdà lọ́wọ́ ẹni tí a kò tí ì fi hàn pé ó ṣẹ̀.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1964, nígbà tí Malcolm X dé Yunifásítì Ìbàdàn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí fún un ní orúkọ Yorùbá: Ọmọwálé. Nítorí pé ọmọ Áfíríkà padà sí Áfíríkà ni wọ́n ṣe sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí ó bá ti ẹ̀wọ̀n dé ni ó ń wá orúkọ yẹn, tí ó sì jẹ́ pé “ẹlẹ́wọ̀n” ni àdúgbò ń pè é títí ó fi ń kú. Ọmọ kò lè wálé bí ilé bá ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilé ní ẹ̀tọ́ láti dúró ní ẹnu ọ̀nà kí ó béèrè ohun tí ó rí nígbà tí ó wẹ̀yìn. Bí ó bá dárúkọ òkúta nìkan, kò tí ì dàgbà. Bí ó bá dárúkọ ẹsẹ̀ rẹ̀, tí ó sì dárúkọ ẹni tí ẹsẹ̀ náà tẹ̀ mọ́lẹ̀, kí a ṣí ìlẹ̀kùn fún un.