ẸNI TÓ BÁ JẸ́ Ẹ̀JẸ́, KÓ SAN ÁN

Ìwé kíkà: Oníwàásù 5:4-6



Ní Íjíbítì àtijọ́, ẹni tó bá ń tọrọ nǹkan lọ́wọ́ òrìṣà, tàbí tó ń dúpẹ́, a máa gbé ère idẹ kékeré lọ sí ilé òrìṣà. Osiris ni o, Isis tó gbé ọmọ lé itan ni o, Bastet olórí ológbò ni o. Wọn a fi ìda mọ ère, wọn a fi amọ̀ bò ó, wọn a fi iná yọ́ ìda náà, wọn a sì da idẹ yíyọ́ sí ipò rẹ̀, bí àwọn baba wa ní Ilé-Ifẹ̀ ti ṣe. Wọ́n ń kọ orúkọ ẹni tó mú un wá sí ìdí òmíràn, pé kí òrìṣà fún un ní ẹ̀mí.

Nígbẹ̀yìn, àwọn àlùfáà wọn kó ère wọ̀nyí jọ, wọ́n sì rì wọ́n mọ́lẹ̀. Láàárín 1903 sí 1907, Georges Legrain, ará Faransé, hú nǹkan bí 17,000 ère idẹ jáde ní Karnak. Òrìṣà tí a sin tí kò lè dìde! Sáàmù 115 ti sọ irú wọn fún wa.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà mọ Dankoli tó wà ní òkè Savalou. Èèyàn a gbá èèkàn mọ́ ọn, a da epo pupa lé e, a sọ ohun tó ń fẹ́, a sì ṣèlérí. Bó bá rí i gbà, a padà wá san án. Ẹ̀rù kì í jẹ́ kó gbàgbé.

Àwa ńkọ́? Obìnrin ń rọbí, ó jẹ́ ẹ̀jẹ́. Ọmọ dé, ó gbàgbé. Bíréèkì já, awakọ̀ jẹ́ ẹ̀jẹ́. Mọ́tò dúró, ó ní Ọlọ́run á fi orí jì í. Ẹni tó ń bọ idẹ tí kò gbọ́ràn san ẹ̀jẹ́. Àwa tí à ń sin Ẹni tó ń gbọ́, a di onígbèsè. Ẹlòmíràn tilẹ̀ ń wọ sùtánà lọ́sàn-án, ó ń lọ gbá èèkàn lóru.

Ará, Ọlọ́run kì í ta oore. Ẹ má fi ẹ̀jẹ́ ná an lọ́jà. Bí ẹ bá ti jẹ́ ẹ, ẹ san án. Bó bá ju agbára yín lọ, ẹ má sá. Ẹ wá bá àwọn àgbà ìjọ, kí a jọ gbàdúrà.

Kí Olúwa fún wa ní ọkàn tó ń rántí. Àmín.