Ẹgbẹ̀rún Kan Náírà fún Iṣẹ́ Ìjọba

Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 2014, àwọn ọ̀dọ́ tó ti gba ìwé ẹ̀rí ya bo àwọn pápá ìṣeré káàkiri Nàìjíríà, nítorí pé iléeṣẹ́ Ìmígíréṣọ̀n fẹ́ fi ìdánwò gba òṣìṣẹ́. Ẹ̀wù funfun àti ṣòkòtò péńpé funfun ni púpọ̀ nínú wọn wọ̀. Kálukú ti san 1,000 náírà kó tó lè forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àyè tó ṣí sílẹ̀ kò pé 5,000. Àwọn tó ń wá a lé ní 500,000.

Ní Àbújá, láti àárọ̀ kùtù ni èrò ti há gádígádí sẹ́nu géètì. Ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ṣí kò tó nǹkan kan lára èrò tó wà níta. Oòrùn ń mú, àwọn tó wà lẹ́yìn ń ti àwọn tó wà níwájú, àwọn kan ń fo ògiri. Ẹni tó bá ṣubú kò ráyè dìde mọ́, nítorí ẹsẹ̀ àwọn tó ń bọ̀ ti wà lórí rẹ̀. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Port Harcourt, ní Minna àti ní Benin. Ó kéré tán, ènìyàn 15 ló kú lọ́jọ́ náà, aboyún sì wà nínú wọn. Àwọn tó ríbi wọlé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n fi itan ṣe tábìlì, wọ́n há fáìlì ìwé ẹ̀rí mọ́ abíyá, wọ́n ń kọ ìdánwò.

Abba Moro, tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé nígbà náà, sọ pé àìnísùúrù àwọn ọmọ náà ló pa wọ́n. Ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn mí títí dòní. Ọmọ tó ti lo ọdún mẹ́rin sí márùn-ún nílé ìwé, tí ìyanṣẹ́lódì sì tún fi kún un, tó sin ìjọba fún ọdún kan, tó wá dúró sínú oòrùn nítorí ibi tí yóò ti máa jẹun, sùúrù wo ló tún kù tí kò ní? Ààrẹ Goodluck Jonathan fagi lé ìgbanisíṣẹ́ náà, ó sì ní kí wọ́n fún ẹbí olóògbé kọ̀ọ̀kan ní àyè iṣẹ́ mẹ́ta. Ní ọdún 2016, EFCC, àjọ tó ń gbógun ti jìbìtì owó, gbé mínísítà náà àti àwọn mìíràn lọ sílé ẹjọ́ lórí nǹkan bíi mílíọ̀nù 676 náírà tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń wáṣẹ́. Mínísítà náà ní òun kò jẹ̀bi.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́. Ọrùn àwọn tó gbówó lọ́wọ́ ogunlọ́gọ̀, tí wọn kò sì ṣètò ibi tí wọn yóò gbà wọlé, ni ẹ̀bi wà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ kákí àgùnbánirọ̀ sílẹ̀ ni mò ń bá sọ̀rọ̀, torí ìdí tí èrò fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò tíì kúrò nílẹ̀.

Mélòó nínú àwọn ọmọ yẹn ló mọ ohun tí òṣìṣẹ́ Ìmígíréṣọ̀n ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́? Iṣẹ́ gidi ni. Òun ló ń dúró ní Sèmè àti ní Ìdí-Ìrókò tó ń yẹ ìwé ìrìnnà wò, òun ló ń ṣe pásípọ́ọ̀tù, wọ́n sì lè gbé e lọ sí ẹnubodè òkè Ọya lọ́la láìbi í. Ẹni tó wù ń bẹ, ó sì yẹ kó lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́ nípa kẹ́mísìrì, ẹni tó kọ́ nípa ìṣirò owó, ẹni tó kọ́ nípa ọ̀gbìn, gbogbo wọn ló wà lórí ìlà kan náà. Ohun tó kó wọn jọ kì í ṣe iṣẹ́ náà. Orúkọ tó ń jẹ́ iṣẹ́ ìjọba ni.

A mọ bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2014 yẹn, àláwìí àgùnbánirọ̀ jẹ́ 19,800 náírà lóṣù. Oṣù tí àláwìí bá dáwọ́ dúró ni ìyá yóò bẹ̀rẹ̀: "Ọmọ mi, iṣẹ́ ìjọba ni kó o wá o, kó o lè rí owó ìfẹ̀yìntì gbà lọ́jọ́ alẹ́." Ẹ̀gbọ́n náà yóò pè: "Ṣáà gba fọ́ọ̀mù yìí ná." Bó bá ti ti ọlọ́pàá bọ̀, yóò gba ti Kọ́sítọ́ọ̀mù, yóò gba ti báńkì. Ọdún mẹ́ta yóò lọ bí eré, kò sì ní lè sọ iṣẹ́ tó yàn. Fọ́ọ̀mù tó gbà nìkan ni yóò lè kà.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Mo ti rí ẹni tó kọ́ nípa iná mànàmáná tó lọ dúró lọ́dọ̀ àwọn tó ń gbé sólà sórí ilé, tó ń gbé àkàbà fún ẹni tí kò ka ìwé tó o. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bú u. Ó ti mọ iye tí wọ́n ń gbà lórí ilé kan àti ohun tó ń bàjẹ́ lójú iṣẹ́ náà kí àwọn yẹn tó gbọ́ èsì fọ́ọ̀mù kejì.

Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ ṣe ìwádìí yín nígbà tí àláwìí ṣì ń wọlé. Iléeṣẹ́ lè má jìnnà sí ibi tí wọ́n bá gbé yín lọ sìnlú. Ẹ wá ẹnìkan tó ti ń ṣe iṣẹ́ tó wù yín, ẹ kí i dáadáa, kí ẹ bi í léèrè ohun tó ń ṣe ní àárọ̀ Mọ́ńdè, iye tó ń mú délé lóṣù, ọdún tó lò kó tó gba ìgbéga, àti ibi tí wọ́n lè gbé e lọ. Bó bá jẹ́ iléeṣẹ́ ńlá ni, ẹ béèrè iye ènìyàn tí wọ́n fẹ́ gbà kí ẹ tó sanwó fọ́ọ̀mù.