Ṣé Etídò tí A Dá Sí Ti Ṣòfò?



Ní Ìpínlẹ̀ Yobe, níbi tí òjò kì í rọ̀ ju bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin lọ lọ́dún, etídò kan wà tí wọ́n ń pè ní Dagona. Ó wà lára Chad Basin National Park tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1991. Ẹni tó bá débẹ̀ nígbà ọyẹ́, ìró ìyẹ́ ni yóò máa gbọ́. Pẹ́pẹ́yẹ igbó àti àwọn ẹyẹ omi mìíràn a máa ti ilẹ̀ Yúróòpù fò kọjá aṣálẹ̀ Sàhárà wá síbẹ̀.

Ọ̀dọ́ kan lè bèèrè pé: níbi tí ilẹ̀ ti gbẹ tó báyìí, tí ebi sì ń pa ọmọ ènìyàn, ṣé ó tọ́ kí á fi etídò sílẹ̀ fún ẹyẹ? Ìbéèrè tó yẹ ká dáhùn ni.

Èkíní, ibi tó dákẹ́ kì í ṣe ibi tí kò ṣiṣẹ́. Bí odò bá kún bo pẹ̀tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ni ẹja ti ń yé. Omi náà ń wọ inú ilẹ̀ lọ, òun ni kànga ń rí fà. Bó bá fà sẹ́yìn, àgbẹ̀ á gbin nǹkan sí ọ̀rinrin rẹ̀, màlúù á jẹ koríko rẹ̀.

Èkejì, dídá ilẹ̀ sí kì í ṣe àṣà àjèjì sí wa. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ka gígé igi àti ṣíṣọdẹ léèwọ̀ ní agbègbè Mọ̀dínà. Irú ilẹ̀ ìjẹko tí a dá sí ni àwọn Lárúbáwá ń pè ní himā. Kí Ìsìláàmù tó dé, alágbára ló ń fi himā bọ́ ẹran tirẹ̀ nìkan. Ànábì fòpin sí ìyẹn. Nígbà tí Sayyidinā Umar fi Hunayy ṣọ́ himā, ó ní kí ó jẹ́ kí ẹni tó ní ràkúnmí àti àgùntàn díẹ̀ wọlé, kí ó sì ṣọ́ra fún ẹran àwọn olówó bí Uthmān àti Abdur-Rahmān bin Awf. Bí ẹran ti àwọn wọ̀nyí bá kú, wọ́n ní oko àti ọgbà dàbínù tí wọn yóò padà sí. Tálákà kò ní ibòmíràn.

Ẹ jẹ́ ká fi òṣùwọ̀n yìí wọn ọ̀rọ̀ Dagona. Wọ́n parí ìdídò Tiga ní 1974, wọ́n sì parí ti Challawa ní 1992, lápá òkè odò ní Kano. Oko ìbomirin àti ẹ̀rọ omi jàǹfààní, ṣùgbọ́n àkúnya tó ń dé ìsàlẹ̀ dínkù. Ta ló jìyà rẹ̀? Apẹja, àgbẹ̀ kékeré, darandaran, àti ẹyẹ. Ẹyẹ kọ́ ló ń bá tálákà du omi. Àwọn méjèèjì jọ wà ní ìsàlẹ̀ odò ni.

Èyí kò sọ ìdídò di ẹ̀ṣẹ̀, nítorí òùngbẹ ń gbẹ ará Kano náà. Ànábì ti dájọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ rí: ẹni òkè odò yóò bomi rin oko rẹ̀, yóò sì ṣí i fún aládùúgbò rẹ̀. Ẹ̀tọ́ ni kí ó mu; àbòsí ni kí ó há a mọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá rìnrìn àjò lọ sí irú ibẹ̀, ẹ má sọ òkò lu ẹyẹ, ẹ má da ọ̀rá sómi. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn ará etídò bí omi ṣe ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹni tó bá sì di aláṣẹ lára yín lọ́la, kí ó rántí ìsàlẹ̀ odò.

Kí Ọlọ́hun fi wá ṣe olùṣọ́ rere lórí ilẹ̀ Rẹ̀. Àmín.