Àpọ́nlé Wo Ló Wà Nínú Oúnjẹ Tó Ń Pa Àlejò Lára?

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn, ìbéèrè kan wà tó yẹ kí gbogbo wa jọ gbé yẹ̀ wò. Bí àlejò tó ní ìtọ̀ ṣúgà bá wá síbi ìnáwó wa, kí ni ó yẹ kí a gbé ka iwájú rẹ̀?

Láti Ìkòròdú dé Ìtòíkín, títí wọ Ẹ̀pẹ́, ẹni tó ń sọmọ lórúkọ, tó ń so yìgì tàbí tó ń ṣe fídáù kò fẹ́ kí wọ́n pe òun ní ahun. Ìrẹsì, iyán, ẹran díndín àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni à ń kó kalẹ̀. Bí a bá gbé àwo ẹ̀pà fún àgbàlagbà, yóò dà bí ẹni pé a fi wọ́lẹ̀.

Ẹ wo ọdún Káyòkáyò tí wọ́n ń ṣe ní Ẹ̀pẹ́ lẹ́yìn Iléyá. Wọ́n fi ń rántí bí Ọba Kòsọ́kọ́ ṣe gúnlẹ̀ síbẹ̀, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ọkọ̀ ogun lé e kúrò ní Èkó ní 1851. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni pé kí a jẹ yó, kí a sì máa yọ̀. Kò sí aburú níbẹ̀. Ẹni tí Ọlọ́hun kó yọ yẹ kó jẹun, kó sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ ayọ̀ fún ẹnìkan lè jẹ́ àìsàn fún ẹlòmíràn.

Ọkàn ni ìtọ̀ ṣúgà sábà máa ń bá jà, nítorí ó ń ba iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Ní 2019, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí jáde lórí ènìyàn 16,217 tó ní àrùn yìí. Àwọn kan nínú wọn ń jẹ ẹ̀pà, kajú àti irú wọn lẹ́ẹ̀marùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀, ẹ̀kúnwọ́ kan, bíi gíráàmù 28, lẹ́ẹ̀kan. Ewu àrùn ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ lára wọn fi ìdá 17 nínú 100 dín sí ti àwọn tí kì í jẹ ẹ́ tó ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Ti orí igi, bíi kajú, sì ṣe dáadáa ju ẹ̀pà lọ. Èyí kò sọ wọ́n di oògùn o. Ọ̀rá inú wọn sàn fún ọkàn ju ọ̀rá ẹran lọ, wọn kì í sì í tètè gbé ṣúgà sókè.

Nítorí náà, kí ẹ̀pà rọ́pò ṣinṣín àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni, kì í ṣe kí a jẹ ẹ́ lé wọn lórí. Ẹni tó bu ẹ̀pà sínú gàrí Ìjẹ̀bú oníṣúgà kò tíì ṣe nǹkan kan. Èyí tí iyọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ kò dára, èyí tó ti bu sì léwu. Kí aláìsàn má sì fi oògùn dókítà sílẹ̀.

Àwọn kan yóò ní, "Ohun tí Ọlọ́hun bá kọ ni yóò ṣẹ, ẹ jẹ́ kí Bàbá jẹun." Òótọ́ ni kádàrá. Ṣùgbọ́n Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ní kí ọlọ́ràkúnmí so ẹran rẹ̀ ná, kó tó gbára lé Ọlọ́hun. Nínú Súrátul-A'ráàf, ẹsẹ 31, Ọlọ́hun yọ̀ǹda jíjẹ àti mímu fún wa, ó sì kọ àṣejù. Ara kì í ṣe tiwa. Ọlọ́hun ló fi sí wa lọ́wọ́, yóò sì bi wá bí a ṣe tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó bá rọ aláìsàn títí tó fi jẹ ohun tó pa á lára, ǹjẹ́ kò ní ìpín nínú ìpalára náà?

Bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí a dójú ti aláìsàn láàárín ẹgbẹ́. Ohun tí a rò pé ó dára jù ni pé kí àwo ẹ̀pà tàbí kajú àti omi tútù wà lórí gbogbo tábìlì, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ ẹni tí a tìtorí rẹ̀ gbé e síbẹ̀. Nígbà náà ni gbogbo wa yóò jọ jẹun, tí a ó sì jọ yọ̀. Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìlera àti òye. Àmín.