Ojú Kì Í Rí Ara Rẹ̀

Àwọn baba wa a máa wí pé ojú tí yóò bá ni kalẹ́, kì í ti òwúrọ̀ ṣepin. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n bí a bá gbà á bí ẹni pé ojú tí kò ṣepin kò lárùn, a ó ṣìnà. Ọ̀pọ̀ ojú ni kò ṣepin, tí kò pọ́n, tí kò sì dun olúwa rẹ̀, síbẹ̀ tí kò ní bá a kalẹ́. Nítorí náà ni àwa ṣe fẹ́ bèèrè pé: ǹjẹ́ ènìyàn jẹ̀bi ohun tí kò rí, nígbà tí ó jẹ́ pé òun tìkára rẹ̀ ni kò jẹ́ kí a yẹ ojú òun wò?

Ẹ kọ́kọ́ ro bí ojú ti rí. Ó ń rí ohun gbogbo, ṣùgbọ́n kì í rí ara rẹ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn mọ̀. Ẹni tí ìríran rẹ̀ ń dín kù díẹ̀díẹ̀ kì í tètè mọ̀, nítorí ìwọ̀nba tí ó ń rí lónìí ni ó fi ń wọn ohun tí ó yẹ kí ó rí. Àrùn kan wà tí àwọn oníṣègùn ń pè ní glaucoma, tí ó wọ́pọ̀ láàrín àwa ènìyàn dúdú ju àwọn òyìnbó lọ. Láìsí ìrora ni ó sábà máa ń ba iṣan tí ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ jẹ́. Èyí tí ó bá sì ti bà jẹ́ kì í padà mọ́. Ìwádìí tí a ṣe káàkiri Nàìjíríà láàrín 2005 àti 2007 fi hàn pé nínú 100 ènìyàn tí ó ti pé ọmọ 40 ọdún, ó lé ní 4 tí ó fọ́jú. Bẹ́ẹ̀ ni nínú 100 irú ìfọ́jú bẹ́ẹ̀, nǹkan bí 84 ni a bá ti dènà tàbí kí a wò sàn.

Wàyí o, oríṣi àìmọ̀ méjì ni ó wà: èyí tí ó bá ènìyàn láìròtẹ́lẹ̀, àti èyí tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ yàn. Awakọ̀ tí ń ná Agége sí Ìkẹjà, tí kì í rí ẹni tí ń sọdá ní ìrọ̀lẹ́ àfi bí ó bá kù díẹ̀ kí ó kọlù ú. Òṣìṣẹ́ tí ń ki irin bọ ẹnu ẹ̀rọ ní Ọ̀gbà: bí wọ́n bá kọ̀ láti lọ yẹ ojú wò, kì í ṣe ojú tiwọn nìkan ni wọ́n fi ń ta tẹ́tẹ́. Wọ́n ń fi ẹsẹ̀ ọmọlọ́mọ àti ìka ẹnìkejì wọn ta á pẹ̀lú. Irú àìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀bi nínú.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe di gbogbo ẹ̀bi ru òṣìṣẹ́. Òmíràn mọ̀ pé ojú òun kò ríran dáadáa mọ́, ó sì fi í pamọ́ fún ọ̀gá, nítorí ẹ̀rù pé a ó dá òun dúró. Àwa kò lè pe èyí ní agídí. Oúnjẹ ọmọ rẹ̀ ni ó ń ṣọ́. Ọ̀gá tí ó bá ní kí a yẹ ojú àwọn ènìyàn òun wò, tí ó sì lé ẹni tí ojú rẹ̀ kò dá ṣáṣá, òun ni ó kọ́ àwọn ìyókù ní irọ́. Ohun tí ó tọ́ ni kí ó kọ́kọ́ ṣèlérí pé awò ojú ni òun ó fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ìwé ìdádúró.

Bí ó bá sì wí pé ìnáwó ni, kí ó gbọ́ ti àwọn tí ń já ewé tíì ní Assam, ní ilẹ̀ Íńdíà. Nínú ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní 2018, a pín awò fún àwọn òṣìṣẹ́ tí ó ti pé ọmọ 40 ọdún, nítorí ní ọjọ́ orí yẹn ni ojú kì í fẹ́ rí ohun tí ó sún mọ́ni mọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn fi nǹkan bí 22 nínú 100 ga ju ti àwọn tí kò tíì gba awò lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì ní Èkó. Nígbà tí Bọ́lá Tinubu jẹ́ Gómìnà, láàrín 1999 àti 2007, ni a dá ètò ìtọ́jú ojú ọ̀fẹ́ tí a pè ní Jigi Bọ́lá sílẹ̀; ní 2024, Ìjọba Àpapọ̀ tún jí orúkọ náà dìde, pẹ̀lú èrò láti pín awò mílíọ̀nù márùn-ún. Ẹ̀bùn rere ni awò. Ṣùgbọ́n èyí tí a rà lọ́wọ́ àwọn tí ń kiri nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, láìyẹ ojú wò, lè jẹ́ kí a ka ìwé kedere, kí glaucoma sì máa jẹ ojú lọ lẹ́yìn rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, ẹni tí ó bá ti pé ogójì ọdún, kí ó máa lọ yẹ ojú wò ní ọdún méjì méjì, ó pẹ́ tán. Ẹni tí glaucoma bá ti mú bàbá tàbí ìyá rẹ̀, kí ó máa lọ lọ́dọọdún. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sá fún awò nítorí pé a ó pè é ní olójú-mẹ́rin. Bẹ́ẹ̀ ni kí òbí tàbí olùkọ́ má ṣe na ọmọ, kí ó má sì pè é ní olódo, kí ó tó bèèrè bóyá ó rí ohun tí a kọ sí ojú pátákó.