Ta Ni Ó Jẹ Gbèsè Ìṣọ̀kan?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ìbéèrè kan ni mo gbé wá síwájú yín, n kò sì fẹ́ kí a fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Bí ẹgbẹ́ òṣèlú tí ènìyàn wà nínú rẹ̀ bá yan ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò fẹ́, kí ni ó yẹ kí ó ṣe? Ṣé kí ó gbé ìbínú rẹ̀ mì, kí ó sì tẹ̀lé ẹgbẹ́ ni, àbí kí ó jókòó sílé ní ọjọ́ ìbò, kí ó ní ohun tí wọ́n gbìn ni kí wọ́n ká? Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ náà kò le rárá: ẹni tí ó bá sá nígbà tí nǹkan kò rí bí ó ti fẹ́, ọ̀dàlẹ̀ ni. Àwọn mìíràn á ní ẹ̀rí ọkàn ṣáájú ẹgbẹ́, àti pé ẹni tí ó bá dìbò fún ohun tí kò gbà gbọ́ ti purọ́ fún ara rẹ̀. Apá méjèèjì ni ó ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé ìbéèrè kan wà tí a máa ń gbàgbé láti bi kí a tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi: nígbà tí a bá ń ké pé kí ẹgbẹ́ wà ní ọ̀kan, ta ni ó jẹ ta ní gbèsè?

Kí ọ̀rọ̀ wa má baà dúró lójú òfuurufú, ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan tí gbogbo ayé fi ojú rí: ìdìbò Ààrẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ọdún 1968, àti ìjà tí ó bẹ́ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ Democrat ní ọdún náà.

Lyndon Johnson ni ó wà lórí oyè nígbà náà, ọmọ ẹgbẹ́ Democrat sì ni. Ó ti ṣe ohun ńlá fún àwọn tálákà àti àwọn aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ogun Vietnam wà lọ́rùn rẹ̀. Ní ọdún yẹn, ọmọ ogun Amẹ́ríkà tí ó wà ní Vietnam lé ní 500,000, òfin ni a sì fi kó ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ, kì í ṣe ìfẹ́ inú wọn. Lójú ọ̀dọ́ ọmọ ogún ọdún, ogun náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a ń kà nínú ìwé ìròyìn lásán. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ara rẹ̀ ni, tàbí ẹ̀mí ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ jókòó nínú kíláàsì kan.

Eugene McCarthy, aṣòfin àgbà láti Minnesota, ni ó kọ́kọ́ dìde láti bá Ààrẹ du ipò náà nítorí ogun yìí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ya sọ́dọ̀ rẹ̀ bí omi. Nígbà tí wọ́n ń lọ láti ojúlé dé ojúlé nínú òtútù New Hampshire, ọ̀pọ̀ nínú wọn gé irun gígùn orí wọn, wọ́n sì fá irùngbọ̀n wọn, kí àwọn àgbàlagbà má baà ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Ẹ kíyè sí ìrètí tí ó wà nínú ohun kékeré yìí: ẹni tí ó fá irùngbọ̀n rẹ̀ nítorí ìbò, ó gbà gbọ́ pé ìbò lè yí ayé padà. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹta, McCarthy rí ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò, Ààrẹ fúnra rẹ̀ sì rí ìdá 49. Bí a bá fi ojú ìṣirò wò ó, Ààrẹ ni ó borí. Ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn ti rí i pé ògiri ti lanu. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, Robert Kennedy náà jáde. Ní ọjọ́ tí oṣù náà parí, Johnson kéde pé òun kò du ipò mọ́.

Láàárín àwọn tí ó yẹ kí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ ni àríyànjiyàn ti kọ́kọ́ le. Àwọn ti McCarthy ní: “Nígbà tí òjò ń rọ̀, àwa nìkan ni a jáde, ìgbà tí ojú ọjọ́ dá ni Kennedy ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú.” Àwọn ti Kennedy dáhùn pé: “Ìgboyà dára, ṣùgbọ́n ta ni ó lè borí? Ta ni àwọn aláwọ̀ dúdú àti àwọn tálákà fọkàn tán?” Ohun kan náà ni wọ́n jọ ń fẹ́, síbẹ̀ wọn kò lè jọ jókòó. Ní òru ọjọ́ tí Kennedy borí ní California ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ni wọ́n yìnbọn lù ú, ó sì kú ní ọjọ́ 6. Nǹkan bí oṣù méjì ṣáájú ni wọ́n pa Martin Luther King. Ìrètí àwọn ènìyàn wọ̀nyí wá dà bí ilé tí ìjì ti ká òrùlé rẹ̀ lọ.

Ẹni kẹta ni Hubert Humphrey, igbákejì Ààrẹ. Kò jáde du ìdìbò abẹ́nú kankan ní ìpínlẹ̀ kankan. Ní ayé ìgbà yẹn, àwọn ìpínlẹ̀ tí ọmọ ẹgbẹ́ ti ń fi ìbò sọ ẹni tí wọ́n fẹ́ kò tó ìdajì. Ní ìyókù, àwọn olóyè ẹgbẹ́ ni ó ní agbára lórí àwọn aṣojú tí yóò lọ sí àpéjọ. Ọ̀dọ̀ àwọn wọ̀nyí ni Humphrey ti kó ènìyàn jọ. Kò rú òfin rárá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti kan ilẹ̀kùn kiri nínú òtútù yóò bi ara rẹ̀ léèrè pé, kí ni ìbò tí mo wá kiri wúlò fún?

Ní ìparí oṣù kẹjọ, àpéjọ náà bẹ̀rẹ̀ ní Chicago. Àwọn tí ó fẹ́ kí ogun dáwọ́ dúró gbé àbá kan kalẹ̀ pé kí ẹgbẹ́ sọ ọ́ di ìlànà rẹ̀. Àwọn aṣojú tí ó kọ̀ ọ́ lé ní 1,500, àwọn tí ó gbà á lé díẹ̀ ní 1,000. Ní ọjọ́ kan náà, ọlọ́pàá ń fi kùmọ̀ lu àwọn ọ̀dọ́ ní ìgboro, àwọn ará Amẹ́ríkà sì ń wò ó nínú tẹlifíṣọ̀n nínú yàrá wọn. Ní alẹ́ ọjọ́ yìí gan-an ni wọ́n yan Humphrey. Nígbà tí ó di ọjọ́ kejì, ohun tí a ń sọ fún àwọn tí a lù àti àwọn tí a fi ìbò borí ni pé: ẹ jẹ́ kí a wà ní ọ̀kan, nítorí bí ẹ kò bá dìbò fún Humphrey, Nixon ti ẹgbẹ́ Republican ni yóò wọlé.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ènìyàn burúkú ni Humphrey. Ní ọdún 1948, nígbà tí ó jẹ́ olórí ìlú Minneapolis, ó dìde níwájú àpéjọ ẹgbẹ́ yìí kan náà, ó ní kí ẹgbẹ́ gbèjà ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, inú sì bí àwọn ará Gúúsù débi pé àwọn kan nínú wọn rìn jáde. Ní ọdún 1964, òun ni ó darí òfin ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú la ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà já. Ẹni tí ó bá ní kò sí ìyàtọ̀ láàárín òun àti Nixon kò sọ òtítọ́.

Nítorí náà, mo gbà pé àwọn tí ó ní kí a dìbò fún un ní ìdí tí ó lágbára. Ìbò kì í ṣe orin ìyìn, kì í sì í ṣe ẹ̀jẹ́ ìgbéyàwó. Ẹni tí ó wọ ọkọ̀ kò sọ pé òun fẹ́ràn awakọ̀. Ibi tí ó ń lọ ni ó mú un wọ̀ ọ́. Nínú ìtàn ilẹ̀ wa, ọmọ ọba tí kò rí oyè jẹ a máa bínú kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jáde, a sì lọ tẹ ìlú mìíràn dó; ọ̀pọ̀ ìlú wa ni ó bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìdìbò Ààrẹ Amẹ́ríkà, kò sí igbó tí ẹni tí ó bínú lè lọ tẹ̀dó sí. Bí ó dìbò, bí kò dìbò, ọ̀kan nínú àwọn tí ó ń du ipò náà ni yóò jọba lé e lórí. Ẹni tí ó bá jókòó sílé ní láti mọ̀ pé ìjókòó náà ní àbájáde, àti pé ẹlòmíràn lè jẹ ìyà rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Bí èrò kò bá ní láti fẹ́ràn awakọ̀, ǹjẹ́ kò yẹ kí awakọ̀ sọ ibi tí ó ń lọ? Ohun tí Humphrey kò ṣe nìyí. Ó ń bẹ̀rù kí ó má ṣẹ Johnson, ọ̀gá rẹ̀, nítorí náà ó dákẹ́ lórí ohun kan ṣoṣo tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń bi í. Ó fẹ́ kí wọ́n wọ ọkọ̀, kò sì fẹ́ sọ bóyá ojú ọ̀nà ogun ni òun yóò gbà. Níbi yìí ni mo ti rò pé gbèsè ìṣọ̀kan wà: ẹni tí ó borí ni ó kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Ẹni tí ó pàdánù ti san tirẹ̀ nígbà tí ó pàdánù. Kò sí ohun tí ó kù lọ́wọ́ rẹ̀ àfi ìbò kan. Ẹni tí ó borí ni ó ní oyè, owó, àti ọ̀rọ̀ tí a ń gbọ́. Bí ó bá ń bẹ̀bẹ̀ fún ìṣọ̀kan láìmú ohunkóhun wá, kì í ṣe ìṣọ̀kan ni ó ń bẹ̀bẹ̀ fún, ìtẹríba ni. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní.

Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án, ní Salt Lake City, Humphrey sọ ọ́ níkẹyìn: ó ní bí òun bá di Ààrẹ, òun ṣe tán láti dá bọ́ǹbù tí a ń jù sí Àríwá Vietnam dúró, nítorí kí àlàáfíà lè wà. Láti ọjọ́ náà ni nǹkan ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà fún un. Àwọn tí ó ti kọ ẹ̀yìn sí i ń padà díẹ̀díẹ̀. McCarthy náà fà sẹ́yìn títí di ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá kí ó tó sọ pé òun yóò dìbò fún un. Ìdìbò ku ọ̀sẹ̀ kan. Ní ọjọ́ 5 oṣù kọkànlá, Nixon wọlé. Nínú ìbò tí ó lé ní 73,000,000, ohun tí ó fi ju Humphrey lọ lé díẹ̀ ní 500,000. N kò ní sọ pé àwọn tí ó jókòó sílé nìkan ni ó fà á, nítorí George Wallace, tí ó ti ṣe gómìnà Alabama rí, kó ìbò tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 10,000,000 lọ. Ṣùgbọ́n gbèsè tí a san ní ìrọ̀lẹ́ kì í ṣe iṣẹ́ tí ì bá ṣe ní òwúrọ̀. Oṣù kìíní ọdún 1973 ni a tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pé Amẹ́ríkà yóò kúrò nínú ogun náà. Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tí ó kú níbẹ̀ lẹ́yìn tí Nixon gorí oyè lé ní 20,000, àwọn ará Vietnam tí ó kú sì pọ̀ jù wọ́n lọ fíìfíì. Kò sí ẹni tí ó lè búra pé Humphrey ì bá ti parí rẹ̀ kíákíá. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó yẹ kí ó gbàgbé pé ẹ̀mí ènìyàn ni ọ̀rọ̀ náà dá lé.

Ẹnìkan lè bi mí pé: bí ẹni tí ó borí bá kọ̀ láti san gbèsè rẹ̀ ńkọ́? Èsì mi wà lọ́dọ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú Mississippi. Ní ọdún 1964, a kò jẹ́ kí wọ́n dìbò ní ìpínlẹ̀ wọn, nítorí náà wọ́n dá ẹgbẹ́ Democrat tiwọn sílẹ̀, wọ́n sì rán aṣojú lọ sí àpéjọ ní Atlantic City. Fannie Lou Hamer, obìnrin tí ó ti ṣiṣẹ́ nínú oko òwú, sọ níwájú ìgbìmọ̀ bí wọ́n ti lu òun nínú ẹ̀wọ̀n. Ìjókòó méjì péré ni wọ́n fi lọ̀ wọ́n. Humphrey yìí kan náà wà lára àwọn tí a rán láti pàrọwà fún wọn kí wọ́n gbà á. Wọ́n kọ̀ ọ́. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n padà sílé, wọ́n polongo ìbò fún Johnson àti Humphrey, nítorí wọ́n mọ ohun tí yóò dé bá wọn bí ẹlòmíràn bá wọlé. Wọn kò pe ìjókòó méjì ní ìdájọ́ òdodo, wọn kò sì tìtorí ìbínú sun ilé ara wọn. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní Chicago, Hamer jókòó láàárín àwọn aṣojú Mississippi tí àpéjọ gbà wọlé. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí: ènìyàn lè fi ìbò rẹ̀ ti ẹgbẹ́ lẹ́yìn láìfi ẹnu rẹ̀ fún ẹgbẹ́ dì.

Ìyà ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo kọ́ ni èyí. Lẹ́yìn ọdún 1968, wọ́n tún òfin ẹgbẹ́ ṣe kí ọmọ ẹgbẹ́ lè ní ọ̀rọ̀ sọ ju àwọn olóyè lọ. Ní ọdún 1972, àwọn tí ó kórìíra ogun ni ó borí, wọ́n yan George McGovern. Ó wá kan àwọn olóyè àtijọ́ láti bínú, ọ̀pọ̀ nínú àwọn olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sì yẹra. Ìpínlẹ̀ kan péré, Massachusetts, àti olú-ìlú ni McGovern rí mú. Ẹni tí ó pàdánù lánàá tí ó sì borí lónìí kò rántí pé gbèsè ti yí padà sọ́rùn òun. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2008, nígbà tí Barack Obama borí Hillary Clinton lẹ́yìn ìjà líle, Clinton fúnra rẹ̀ dìde ní àpéjọ ní Denver pé kí gbogbo aṣojú fi ohùn kan yan Obama. Nígbà tí Obama sì wọlé, ó fi obìnrin náà ṣe akọ̀wé àgbà fún ọ̀ràn ilẹ̀ òkèèrè. Reagan ti ẹgbẹ́ Republican náà ti ṣe irú rẹ̀ ní ọdún 1980, nígbà tí ó mú George Bush tí ó bá a du ipò ṣe igbákejì.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹgbẹ́ tí kò bá sí àríyànjiyàn nínú rẹ̀, bóyá ẹ̀rù ni ó pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Kí àwọn tí ó pàdánù má ṣe jẹ́ kí ìbínú fi ẹ̀mí ẹlòmíràn tafà, kí wọ́n dìbò, kí wọ́n sì máa sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kí a tó pe ẹnikẹ́ni ní ọ̀dàlẹ̀, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yí ojú sí ẹni tí ó borí, kí a sì bi í pé: ìwọ tí o ní kí a wà ní ọ̀kan, kí ni o mú wá?